Àlọ́ Abẹ́ Aṣọ Funfun

Pupa ni Ànúolúwa kọ́kọ́ rí. Kò tíì sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tó gbé e wá láti Agọ́-Ìwòyè tó ti rí i pé òpó méjì níwájú ilé bàbá rẹ̀ ní Òkè-Àgbò ti di pupa fòò. Ọkùnrin gíga kan wà lórí àkàbà, ó ha ìṣó sẹ́nu, ó ń fi aṣọ pupa wé ẹ̀kẹta.

Kí ẹ tó máa rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti burú. Bàbá Zechariah tó nilé, alàgbà ìjọ aláṣọ funfun ni. Wọn kì í wọ pupa nínú ìjọ yẹn rárá, àti pé láti ìgbà tí wọ́n ti bí Ànúolúwa, ìnujú pupa lásán kò wọ inú ilé yẹn rí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní kí ẹ ṣe èyí?"

Ọkùnrin náà yọ ìṣó lẹ́nu. "Àǹtí Abímbọ́lá ni, láti Èkó. Wọ́n ní kí n ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ fún Kérésìmesì."

"Wọ́n ní kí ẹ fi pupa ṣe é?"

"Wọn ò sọ àwọ̀. Ṣé Kérésìmesì tún ní àwọ̀ mìíràn ni?"

Ànúolúwa di orí mú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Abímbọ́lá, báyìí ló sì ṣe máa ń ṣe: á jókòó sí Èkó, á fi fóònù pàṣẹ, á wá ku ẹni tó wà nílé tí yóò gbọ́ ìjà. "Kí lorúkọ yín?"

"Zubair, ọmọ Òkè-Sópẹ̀n. Èmi ni mo máa ń kọ pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù."

"Ó yé mi. Zubair, bàbá mi ti ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ tú u."

Ó ju báàgì sílẹ̀, ó di àkàbà mú. Zubair ń tú aṣọ láti òkè, aṣọ sì já bọ́, ó bo Ànúolúwa lórí pátápátá. Nígbà tó fi máa yọ ojú, ọkùnrin náà ti ń rẹ́rìn-ín débi pé àkàbà ń mì. Ó fẹ́ pòṣé. Ẹ̀rín ló gba ẹnu rẹ̀ jáde, ìyẹn sì tún bí i nínú ju aṣọ pupa lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Zechariah bá wọn. Ó wọ sùtánà, kò wọ bàtà, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Tínú bá bí Bàbá, Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń sọ.

"Kí wẹ́ ṣe sí ulé mi?"

Zubair dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó bẹ̀bẹ̀, ó ní òun yóò fi funfun àti búlúù pààrọ̀ rẹ̀. Bàbá ti fẹ́ máa rọ̀ kí ọmọkùnrin yìí tó lọ gbé àwọn pátákó rẹ̀ jáde. Abímbọ́lá ti ní àwọn ọmọ òun kò mọ àlọ́ kan ṣoṣo, ọmọ ọba òyìnbó inú tẹlifíṣọ̀n nìkan ni wọ́n mọ̀, nítorí náà kí wọ́n ya àlọ́ sí ara gbogbo ògiri pálọ̀. Ìjàpá ń fi fìlà bo àsáró gbígbóná. Erin ń tẹ̀lé e lọ jọba. Ajá ń sá.

"A kì í pàlọ́ lọ́sàn-án," Bàbá wí.

"Mi ò pa á, sà. Mo kàn yà á ni."

"Tí o bá gbé e kọ́ sí ògiri láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kí lo ń ṣe? Ò ń pa á lọ́sàn-án náà ni."

Ànúolúwa mọ̀ pé bí wọ́n bá fi bàbá òun sílẹ̀, wọn yóò wà níbẹ̀ títí ọdún tuntun. Ó ní kí wọ́n fi aṣọ funfun bo pátákó kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa ṣí i tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Bàbá ronú títí.

"Ta ni yóò máa ṣí i? Kì í ṣe èmi o. Alàgbà kan kò ní máa ṣí aṣọ lójú ìjàpá. Ẹni tó yà á ni kó máa wá ṣí i."

Bàbá rò pé ìyà lòun fi jẹ Zubair. Ẹ wo bí àgbàlagbà ṣe ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ń bọ̀ wá gbé e lọ́mọ lọ.

Láti ọjọ́ náà, bí Zubair bá ti kírun Màngàríbà tán, Òkè-Àgbò ló ń bọ̀. Á ṣí aṣọ, àwọn ọmọ àdúgbò á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ àlọ́. Kì í sì pa á dáadáa. Ànúolúwa kò lè gbà á mọ́ra.

"Ajá kọ́ ló sọ̀rọ̀ yẹn, Zubair. Ta ló kọ́ ọ lálọ́?"

"Ìyá mi ni. Ní Òkè-Sópẹ̀n, ajá ló sọ ọ́."

"Kí ló dé tí fìlà ìjàpá fi jọ fìlà rẹ?"

"Kò sí fìlà mìíràn tí mo lè wò yà. O ò rí i pé ó yẹ ẹ́?"

Tó bá pẹ́ dé, á ní táyà jò. Ànúolúwa á ní táyà wo ló ń jò lójoojúmọ́, á sì lọ bu ìkọ́kọ́rẹ́ tó ti fi pamọ́ fún un wá. Inú ń bí i sí ara rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ gidi, ó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Agọ́-Ìwòyè, síbẹ̀ tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, etí rẹ̀ á wà lójú títì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lójú àtẹ̀gùn, Zubair ní, "Ànú, mo fẹ́ràn rẹ. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ kó dùn."

"Ó ti dùn tó," ó wí. "Má bà á jẹ́, olólùfẹ́ mi."

Ó yẹ kí ìtàn yìí parí síbẹ̀. Àwọn èèyàn kò jẹ́.

Ànúolúwa lọ gba aṣọ funfun tó kù tí wọ́n fẹ́ fi bo pátákó lọ́wọ́ ìyá Zubair, Asimawu, tó ń ránṣọ. Obìnrin náà dì mọ́ ọn. "Raheemah mi."

"Ànúolúwa ni, mà."

"Mo mọ̀. Zubair ti sọ fún mi pé o ti gbà. Tí ẹ bá ṣe yìgì tán, Raheemah lo máa jẹ́, wàá sì fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Ó délé, Bàbá sì tún ní kó jókòó. "Mo ti rí bí Ìmàle yẹn ṣe ń wò ọ́. Mo ti fún Daniel, ọmọ wòlíì wa tó ní òun fẹ́ fi ọ́ ṣaya, lésì. Mo ní o gbà."

Ànúolúwa dìde. Ó lọ dúró de Zubair lójú títì.

"Ta ló ní kí o bá mi gbà?"

Ojú Zubair wálẹ̀. "Mo fẹ́ kí ọkàn Màmá balẹ̀ ni. Mo rò pé tó bá yá, a ó jọ yanjú rẹ̀."

"O jókòó tì mí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, o ò lè bi mí. Má wá mọ́."

Ó wọlé, ó sunkún, ó fọ ojú, ó tún sunkún. Ìfẹ́ dùn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń báni fẹ́ ẹ kì í jẹ́ kéèyàn gbádùn.

Nígbà tí Kérésìmesì ku ọ̀la, Abímbọ́lá kó àwọn ọmọ rẹ̀ dé. Ilẹ̀ ń ṣú. Gbogbo ògiri pálọ̀ ló fi aṣọ funfun bojú, àwọn ọmọ sì ń béèrè ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.

"Ànú, ṣí i fún wọn," Bàbá wí.

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹni tó yà á ni kó máa ṣí i, sà."

Àṣẹ àgbà kò ṣeé kó jẹ lójú ọmọ-ọmọ. Bàbá kùn, Bàbá pòṣé, ṣùgbọ́n nígbà tí igbe kò dáwọ́ dúró, òun fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù tó pe Zubair.

Zubair dé, Asimawu wà lẹ́yìn rẹ̀. Zubair kò fọwọ́ kan aṣọ kankan. Ó dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, mo parọ́ fún ìyá mi. Ànúolúwa kò gbà láti yí orúkọ tàbí ẹ̀sìn rẹ̀ padà. Èmi ni mo dáhùn fún un láìbi í."

"Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi," Asimawu wí. "Mo ti bú u tẹ́rùn. Ṣùgbọ́n ọmọ yín ni mo fẹ́, kódà bí kò bá jẹ́ Raheemah."

"Mi ò lè fọ́mọ mi fún Ìmàle," Bàbá wí.

"Àlímì ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́? Ìmàle kọ́ ni? Iléyá wo lẹ kì í jẹ nínú ẹran rẹ̀?" Asimawu bi wọ́n.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Àlímì ló fi owó oko rẹ̀ rán Bàbá níwèé. Bàbá fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, màá bá Daniel sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Kérésìmesì, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n á máa wà."

"Iléyá, ọ̀dọ̀ mi," Asimawu wí.

"Ọmọ àkọ́kọ́, èmi ni màá sọ ọ́ lórúkọ."

"Ẹ lè ṣe ìgbéyàwó náà ní oṣù kẹrin," Abímbọ́lá dá sí i. "Mo ti mọ gbọ̀ngàn tó dáa."

"Ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́."

Ànúolúwa kò pariwo, síbẹ̀ àwọn ọmọ pàápàá dákẹ́. "Ẹ ti fọ́kọ fún mi, ẹ ti sọ mí lórúkọ, ẹ ti bímọ fún mi. Ta ló ti bi mí?"

Zubair dìde nílẹ̀, ó wá dúró níwájú rẹ̀.

"Ànúolúwa, mi ò ní dáhùn fún ọ mọ́ láé. Kí o máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ, kí n máa lọ mọ́ṣáláṣí mi, kí o máa jẹ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Bàbá la ẹnu. Asimawu tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀, wọ́n sì pa á dé. Gbogbo wọn ń dúró. Ó pẹ́ díẹ̀, Ànúolúwa sì jẹ́ kó pẹ́.

"Mo fẹ́ ọ, Zubair," ó wí. "Ohun tí mo máa sọ náà nìyẹn látijọ́, ká ní ẹ bi mí."