Igi Mẹ́tàlélógún Etí Odò Alajue

Ìgbà tí Teslim kọ́kọ́ rí Zulfah, ìdí igi tó fẹ́ gé lọmọbìnrin náà jókòó sí, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó tẹ́ ẹní, ó gbé abọ́ ńlá síwájú, kò sì gbójú sókè nígbà tí ẹ̀rọ ìgégi ń bú ramúramù lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni Teslim ń wò. Ọwọ́ náà yára, èèpo ń bọ́ lára ẹ̀gẹ́ bí ìgbà tí ìyá bá ń bọ́ ṣòkòtò lára ọmọ tó ti sùn.

Ó pa ẹ̀rọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde díẹ̀. Igi yìí ló kàn."

"Mo mọ̀ pé òun ló kàn. Ẹ ti kun ọ̀dà pupa sí i lára. Ìdí tí mo fi jókòó síbí nìyẹn."

Teslim wẹ̀yìn wò. Igi ayùnrẹ́ mẹ́tàlélógún ló kun ọ̀dà sí lára lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, obìnrin kan ló sì wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan báyìí. Ọ̀kan ń sẹ́ gàrí, ọ̀kan ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, ọ̀kan ń dirun fún ọmọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ibi tí wọ́n máa jókòó sí hàn wọ́n.

Oníṣòwò kan láti ìlú ńlá ló fẹ́ fi àwọn igi náà sun èédú. Ọ̀gá Jacob, tí Teslim ń kọ́ iṣẹ́ igi gígé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ẹdẹ, ló gba iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n abẹ́ àwọn igi yẹn ni odò Alajue ń gbà kọjá, ibẹ̀ làwọn obìnrin ti ń fọ ẹ̀gẹ́. Ọdún kẹta rèé tí òjò ń pẹ́ kó tó rọ̀, oòrùn sì jó àgbàdo èṣí gbẹ lóko. Zulfah tó kàwé jáde nílé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ló là á yé wọn pé ojú ọjọ́ ti yí padà káàkiri ayé, àti pé igi tó bá ṣẹ́ kù fún wọn ni odò wọn fi ń mí. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan: kò sí èébú, kò sí òkò. Kí kálukú gbé iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ wá sídìí igi.

"Ṣé títí lẹ máa jókòó síbí ni?" Teslim bi í.

"Títí ẹ̀gẹ́ á fi tán ní Alajue. Ọ̀bẹ kan wà níbẹ̀ yẹn. Tí ẹ ò bá ti níṣẹ́ mọ́, ẹ bá mi bó o."

Kí n má parọ́ fún yín, Teslim mú ọ̀bẹ náà. Zulfah wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bíbó ni mo ní kí ẹ bó o. Ẹ tún ń gé e."

Láràárọ̀ ni Jacob ń rán an wá wò bóyá àwọn obìnrin náà ti lọ. Láràárọ̀ náà ló ń pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó fi máa pé ọjọ́ mẹ́wàá, ó ti mọ ẹ̀gẹ́ bó, "ẹ" sì ti di "o" láàárín wọn. Ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

"O ò tíì gé igi kankan lọ́sẹ̀ yìí," Zulfah ń yọ ọ́ lẹ́nu. "Ọ̀lẹ ni ẹ́."

"Ìwọ lo sọ mí dọ̀lẹ, olólùfẹ́ mi."

Teslim wá lọ bá bàbá Zulfah láti tọrọ ọmọ rẹ̀. Àgbẹ̀ àgbàdo ni Bàbá Ràṣídì, èèyàn tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó jẹ́ kí Teslim dọ̀bálẹ̀ tán.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Iṣẹ́ igi gígé ni mò ń kọ́, bàbá. Lọ́dọ̀ ọ̀gá Jacob."

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ mú odò wa gbẹ. Mi ò ní fọ́mọ mi fún agégi. Dìde, máa lọ sílé."

Zulfah sunkún lọ́jọ́ náà. Ó dùn ún wọra.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí Teslim gba fíríìdọ́ọ̀mù, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ìyá rẹ̀ ti ra aṣọ tó máa wọ̀. Lọ́jọ́bọ̀, Jacob pè é.

"Ọ̀la ni Jímọ̀. Tó bá ti di aago kan, gbogbo wọn á ti lọ kírun. Kí wọ́n tó dé, a ó ti gé mẹ́wàá. Ìwọ lo máa gé àkọ́kọ́. Tí o ò bá wá, má retí fíríìdọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Teslim bá Bàbá Ràṣídì lóko, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Tí ọ̀gá rẹ bá gbọ́," bàbá ní, "ọdún mẹ́rin rẹ wọgbó nìyẹn."

"Mo mọ̀, bàbá. Mo nífẹ̀ẹ́ Zulfah. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò tiẹ̀ fún mi, mi ò lè gé àwọn igi yẹn mọ́. Mo ti mọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń jókòó nídìí wọn."

Bàbá Ràṣídì gbé ọkọ́ sílẹ̀, ó gba ilé Lèmọ́mù lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ Jacob dé ní aago kan, gbogbo Alajue ló bá létí odò. Wọ́n ti tẹ́ ẹní láti ìdí igi àkọ́kọ́ dé ìdí igi kẹtàlélógún, Lèmọ́mù wà níwájú, wọ́n ń kírun Jímọ̀ lábẹ́ àwọn igi náà. Teslim wà lára wọn. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni Jacob, ṣùgbọ́n kò lè tan ẹ̀rọ lórí àdúrà. Ó bọ́ fìlà, ó fẹ̀yìn ti ọkọ̀ títí wọ́n fi sálámà parí ìrun. Bí wọ́n ṣe ń dìde ni àwọn obìnrin gbé abọ́ ẹ̀gẹ́ wọn jáde.

Jacob wo Teslim títí.

"Ẹ wọkọ̀," ó sọ fáwọn èèyàn rẹ̀. Ó pe oníṣòwò náà níbẹ̀, ó ní òun ò ṣe mọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Baálẹ̀ kéde pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé igi létí odò náà mọ́. Ariwo ayọ̀ tó sọ dé ọjà.

Nígbà tí ọjọ́ fíríìdọ́ọ̀mù kò, Jacob fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ sí Teslim.

"Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gégi," ó ní. "O mọ èyí tí kò yẹ ní gígé, èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ níyẹn." Ó gbàdúrà fún un, ó sì fi ìwé lé e lọ́wọ́.

Bàbá Ràṣídì náà gbà láti fi Zulfah fún un, ó sì bi ọmọ rẹ̀ nípa sọ̀dáàkì, ohun tí ọkọ gbọ́dọ̀ fún ìyàwó kí wọ́n tó so yìgì. Zulfah ní òun ò fẹ́ owó, òun ò fẹ́ wúrà.

"Ọ̀dọ́ igi ayùnrẹ́ mẹ́tàlélógún ni mo fẹ́. Kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn wọ́n sétí odò."

Lábẹ́ igi tí wọ́n ti pàdé ni wọ́n ti so yìgì náà, ọ̀dà pupa ṣì wà lára rẹ̀. Lèmọ́mù bi Bàbá Ràṣídì bóyá sọ̀dáàkì pé.

"Mo ti kà á. Ó pé. Ọmọ mi, Teslim, ló mú un wá."

"Zulfah, ṣé o gbà á?"

Zulfah wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ẹrẹ̀ ṣì wà léèékánná rẹ̀.

"Mo gbà á, Àlùfáà. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta yẹn ti wọ́."

Àwọn èèyàn ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Teslim ká agbádá funfun rẹ̀ sókè, tó lọ kúnlẹ̀ nídìí ọ̀dọ́ igi náà. Zulfah mú igi tí wọ́n máa fi tì í, ó sì lọ kúnlẹ̀ tì í.