Kí Wọ́n Tó Gun Òkè Obìnrin-Kú

Ọ̀dùnkún ni Nicasia ń bó nígbà tí Rufino kọ́kọ́ rí i. Ó ti bó èyí tí wọ́n fẹ́ fi se ọbẹ̀ ọ̀sán tán. Ó wá fa àpò tó yẹ kí wọ́n gbé gun òkè tòun ti èèpo rẹ̀ mọ́ra, ó ń bó ìyẹn náà lọ. Èèpo ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, kò sì wo ilẹ̀.

Rufino ni alásè àgbà fún ẹgbẹ́ tó ń mú àlejò gun òkè, kì í sì í gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan oúnjẹ ìrìn-àjò. Gbogbo àwọn tó wà nínú sítọ́ọ̀ ń retí èébú. Ṣùgbọ́n ó wo aṣọ dúdú tí obìnrin náà wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó bá lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Arábìnrin, èyí tẹ́ ẹ̀ ń bó yìí, òkè ló ń lọ. Tẹ́ ẹ bá bó o lónìí, á ti dúdú kó tó débẹ̀."

Nicasia wo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ ò ní kí n dúró."

"Òótọ́ ni, mi ò sọ bẹ́ẹ̀." Ó rọra gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó yá, ẹ dúró."

Ìgbà yẹn ló rí i pé ọ̀bẹ ti gé e ní àtàǹpàkò, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọn. Nicasia fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Rufino fi aṣọ dì í fún un, ó sì lọ sílé lọ́jọ́ náà láìlè ronú nǹkan mìíràn. Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ní ti Rufino. Ní ti Nicasia, nǹkan kan kò bẹ̀rẹ̀.

Opó ni. Abelardo ọkọ rẹ̀ ló ti oko dé lọ́jọ́ kan tó ní àyà ń dun òun, kò sì jáde mọ́ àfìgbà tí wọ́n gbé e jáde. Nicasia kò sunkún nílé òkú, kò sunkún nídìí ibojì. Ó ń da àgùntàn, ó ń ran òwú. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á jẹ ẹ́. Bí wọn ò bá gbé e wá, kò ní bèèrè. Àánú rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe àwọn ará abúlé, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bí wọn nínú, nítorí àwa èèyàn máa ń fẹ́ rí omijé ẹni tí à ń ṣàánú.

Bàbá àti ìyá tó bí i ti kú. Ọ̀dọ̀ Màámi Gregoria, ìyá ọkọ rẹ̀, ló ń gbé, àgbàlagbà tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Nígbà tí Màámi gbọ́ pé àwọn tó ń mú àlejò gun òkè ti ń gba obìnrin sí iṣẹ́ aláàárù, òun fúnra rẹ̀ ló ní kó lọ. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ti fẹ́ wó ilé lé òun lórí.

Iṣẹ́ sì wà nílẹ̀ lóòótọ́. Ní gbogbo oṣù kejì ni wọ́n máa ń ti ọ̀nà òkè kí ilẹ̀ lè sinmi, ẹgbẹ́ wọn ló sì fẹ́ kó àwọn àlejò àkọ́kọ́ lọ bí wọ́n bá ti ṣí i. Ìrìn ọjọ́ mẹ́rin ni, láti etí odò títí dé ìlú olókùúta tí àwọn baba ńlá kọ́ sórí òkè, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ lọ. Àwọn kan ń rán àgọ́ tí eku ti jẹ. Àwọn kan ń fi koríko gbígbẹ di ẹyin kó má bàa fọ́. Wọ́n ń gbé ẹrù kọ́ òṣùwọ̀n, wọ́n ń yọ nǹkan kúrò, wọ́n tún ń gbé e kọ́, torí bí ẹrù aláàárù kan ṣoṣo bá wúwo jù, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ibodè lè dá gbogbo wọn dúró. Rufino ń kiri láàárín wọn, ó ń bú ẹni tó kó iyọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọṣẹ.

Ibi tí wọ́n bá fi Nicasia sí náà ló ń wà. Bí wọ́n bá ní kó rán àgọ́, á rán an títí òwú á fi tán. Ẹnu Cirilo, ọ̀kan nínú àwọn aláàárù, kì í sinmi, ó sì fẹ́ mú un rẹ́rìn-ín dandan. Òkè tó ga jù lọ ní ọ̀nà náà, Obìnrin-Kú ni orúkọ rẹ̀ láti ayébáyé, Cirilo bá bi í léèrè bóyá orúkọ yẹn kò bà á lẹ́rù.

"Orúkọ kan náà là ń jẹ́," ni Nicasia fèsì, ó sì ń rán àgọ́ rẹ̀ lọ. Cirilo bá dìde, ó lọ bá wọn gbé ẹrù kọ́ òṣùwọ̀n.

Láàárín Nicasia àti Rufino, "ẹ" ti di "o". Rufino ló máa ń gbé àwo ọbẹ̀ lé e lọ́wọ́, á sì dúró tì í títí á fi jẹ ẹ́. Àwọn yòókù ń yọjú wò wọ́n, wọ́n ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Rufino ò bínú. Nicasia kò gbọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí àwọn yòókù lọ ra gáàsì, Rufino jókòó ti Nicasia nídìí ẹyin tó ń dì.

"Nicasia, mo fẹ́ fẹ́ ọ."

Obìnrin náà di ẹyin ọwọ́ rẹ̀ tán, ó mú òmíràn. "Kò sẹ́nì kankan nínú ilé tó ò ń kanlẹ̀kùn rẹ̀ yìí, Rufino. Tó o bá fọwọ́ kàn mí, mi ò ní mọ̀. Ìkà ni mo máa ṣe tí mo bá jẹ́ kó o gbé mi sílé."

"Àdàbà mi, gbọ́. Ṣé o mọ bí omi ṣe máa ń ṣe lókè lọ́hùn-ún? Á hó, á máa ta sókè, ẹ̀wà inú rẹ̀ á sì le bí òkúta. Ariwo lásán ló ń pa, kò gbóná tó. Ẹni tí kò mọ̀ á gbé e kalẹ̀. Èmi máa ń de ìdérí mọ́ ọn ni, màá sì jókòó tì í. Mi ò kánjú."

"Tí kò bá wá jinná ńkọ́?"

"A ó jẹ ẹ́ ní líle."

Nicasia mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nìyẹn. Ó tiẹ̀ dúró díẹ̀ kí ẹ̀rín lè rí àyè jáde, ẹ̀rín kò jáde. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí ìyẹn ba òun lẹ́rù, kò sì bà á lẹ́rù.

"Lọ bá Màámi," ó wí. "Tí wọ́n bá gbà, màá wá."

"Mi ò fẹ́ kó o wá torí pé Màámi gbà."

"Ohun tí mo ní nìyẹn, Rufino. Mi ò ní òmíràn."

Nílé Rufino, ìyá rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ rárá. Ó ní nínú gbogbo àfonífojì náà, àfi opó tí kò rẹ́rìn-ín, tí kò sunkún, lọmọ òun rí. Bàbá rẹ̀ ní kó jẹ́ kí ọmọ ṣe ohun tó fẹ́. Ìyá wá gbà pé òun á bá wọn lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gun òkè láìgbọ́ ìdáhùn, kí ẹnikẹ́ni má pe òun síbẹ̀ mọ́.

Ewé kóká, tí àwọn ará òkè máa ń jẹ lẹ́nu, ni wọ́n fi ń tọrọ ìyàwó lọ́dọ̀ wọn. Bí àwọn tó ni ọmọ bá fi ewé náà sẹ́nu, wọ́n ti gbà nìyẹn. Bí wọ́n bá dá a padà, ó ti tán náà nìyẹn. Màámi Gregoria tẹ́ aṣọ sílẹ̀ fún wọn lágbàlá, ó gba ewé náà sí etí ìborùn rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n sọ ohun tó gbé wọn wá. Bàbá Rufino ní ọmọbìnrin rẹ̀ làwọn bá wá.

"Kì í ṣe ọmọbìnrin mi. Ìyàwó ọmọ mi ni, ọmọ mi sì wà nínú ilẹ̀." Ó kọjú sí Rufino. "Ìwọ. Wọ́n ní o mọ oúnjẹ sè. Obìnrin tó o fẹ́ mú yìí, ẹ̀kán omijé kan ò bọ́ lójú rẹ̀ fún Abelardo. Èmi ló ń sunkún, òun ń ran òwú. Tó o bá kú lókè lọ́la, ṣé o rò pé á sunkún tìẹ?"

"Mi ò mọ̀, Màámi."

"Ó dáa. O ò purọ́."

Kò fi ewé náà sẹ́nu, kò sì dá a padà. Ó dì í sí etí ìborùn rẹ̀, ó ní ọdún ọ̀fọ̀ kò tíì pé, ó sì dágbére fún wọn. Ìyá Rufino jáde láìwẹ̀yìn. Nicasia dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rò ó pé bóyá ó yẹ kó dun òun. Ó lọ fún àwọn ẹran ní koríko.

Láti ọjọ́ náà, ewé ń bẹ nínú ìborùn Màámi bó bá ń ṣiṣẹ́, ó ń bẹ níbẹ̀ bó bá ń jẹun. Òun àti Nicasia kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ní sítọ́ọ̀, Rufino kò bèèrè, ṣùgbọ́n ó sun àkàrà òyìnbó tó fi ń dán ìkòkò wò jóná, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò, ilẹ̀ funfun fún yìnyín. Ọkọ̀ akẹ́rù ni yóò wá gbé Nicasia níwájú ilé. Ó lọ tú àgùntàn sílẹ̀. Màámi Gregoria bínú títí, síbẹ̀ kò lè jẹ́ kí ebi pa á lọ́nà. Ó yan àgbàdo, ó ṣí àpò ẹrù Nicasia láti kì í sísàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan aṣọ onírun àgùntàn.

Nígbà tí Nicasia wọlé, Màámi jókòó sílẹ̀, ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ ọkùnrin kan wà lórí itan rẹ̀.

"Abelardo ló ni èyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Wọ́n ti fọ gbogbo aṣọ rẹ̀."

"Èyí tí wọ́n rí ni wọ́n fọ̀."

Kò sí ọmọ abúlé náà tí kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bí èèyàn bá kú, ọjọ́ karùn-ún ni àwọn tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ máa ń kó aṣọ rẹ̀ lọ sódò, wọ́n á fọ gbogbo rẹ̀, kí ó lè rí ọ̀nà lọ. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá kù nílẹ̀ láìfọ̀ kò lè lọ.

"Mò ń lálàá rẹ̀," ni Màámi wí. "Ó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn, òtútù á máa mú un. Mo ní kó wọlé, kò wọlé. Mo ní kó máa lọ, kò lọ. Mo rò pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́."

Nicasia jókòó tì í. "Òórùn rẹ̀ wà lára ẹ̀wù náà. Mo máa ń gbé e símú, màá máa retí kí ẹkún dé. Kì í dé. Mo ní kí n tọ́jú rẹ̀ títí ẹkún á fi dé."

Màámi Gregoria wò ó lójú fún ìgbà pípẹ́. Látọjọ́ tí Abelardo ti kú, kò tíì wò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti pè é ní ọlọ́kàn òkúta lójú, ó ti pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. "Ìwọ ọmọ yìí," ó wí, ó sì gbá ẹ̀wù náà mọ́ra.

Ọkọ̀ fun fèrè níta. Màámi nu ojú rẹ̀, ó gbé ẹ̀wù náà jáde. Òun kò gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́, Nicasia kò gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́, ẹbí Abelardo sì ni gbogbo ilé tó yí wọn ká. Ó dúró níwájú ọkọ̀ tí èrò kún.

"Rufino, sọ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ kó o bá mi ṣe."

Amọ̀nà ní àwọn á pẹ́ dé ibodè. Màámi sọ fún un pé ìlú àwọn baba ńlá ti ń dúró láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ kò tíì wáyé, kò ní sá lọ láàárọ̀ yìí. Cirilo rẹ́rìn-ín, ó rí ojú Màámi, ó gbé e mì.

Yìnyín ti dì létí odò. Nicasia sọ fún Rufino pé ẹ̀wù ọkọ òun ni.

"Mo ti mọ̀," Rufino wí. Ó ká apá aṣọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ omi. Kò yára. Ó fọ ọrùn ẹ̀wù náà, ó fọ abíyá, ó yí i padà, ó fọ inú rẹ̀. Omi tó ń jáde lára rẹ̀ dúdú, lẹ́yìn náà ó mọ́. Màámi ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí ọmọ rẹ̀, ó ní kó máa lọ o, kó má wẹ̀yìn mọ́, ilé wà ní àlàáfíà. Nicasia ń wo omi. Ó ń retí kó dùn ún.

Rufino fún ẹ̀wù náà, ó gbé e fún Màámi. Ìka Rufino ti funfun, kò lè ká a. Ọwọ́ tó fẹ́ fi di ọ̀bẹ mú fún ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn. Ó kó o sẹ́yìn kí wọ́n má rí i, kò sì bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nicasia fa ọwọ́ méjèèjì jáde. Ó ṣí ìborùn dúdú rẹ̀, ó kó ọwọ́ náà sí abíyá ara rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ó sì fún apá mọ́ ọn.

"Ó tutù," ó wí, bí ẹni tó ń bèèrè ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ yí padà. "Rufino, ó tutù gan-an."

"Jẹ́ kí n yọ ọ́."

"Má yọ ọ́."

Òtútù náà wọ Nicasia lára, ó dùn ún, ó gbà á láyà, síbẹ̀ ó tún fún ọwọ́ náà mọ́ra sí i. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ sì ń fun fèrè lókè odò. Màámi Gregoria ti kọ̀yìn sí wọn, ó ń sá ẹ̀wù sórí òkúta. Ó pẹ́ díẹ̀ nídìí rẹ̀. Nígbà tó yíjú padà láti lé wọn lọ sínú ọkọ̀, kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa, torí ewé kóká ti kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.