Ẹ̀yìn Ọwọ́ Lára Ilẹ̀kùn

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Mọ́ńdè ni Ìbíyínká ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ọ́fíìsì ìpolongo, kò sì bá fáìlì pupa níbẹ̀. Ó wo abẹ́ tábìlì, ó tilẹ̀ da garawa ìdọ̀tí sílẹ̀. Inú fáìlì yẹn ni wọ́n kó gbogbo ìwé tí àwọn ará West Ridge buwọ́ lù sí, pé àwọn fẹ́ kí Daud Sàláhúdéènì díje fún ipò aṣojú àdúgbò àwọn nínú ìgbìmọ̀ ìlú Chicago. Ọ́fíìsì ètò ìdìbò yóò ti ilẹ̀kùn ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Bí fáìlì náà kò bá dé ibẹ̀ kí ó tó di ìgbà yẹn, Daud kò ní lè díje mọ́.

Muminat Tìjání ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí àwọn ọlọ́pàá rán wá nígbà tí Ìbíyínká pè wọ́n, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ó gbọn yìnyín kúrò lára bàtà rẹ̀, ó kí Ìbíyínká, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí ilẹ̀kùn àbáwọlé.

"Wọn ò já ilẹ̀kùn yìí," ó ní. "Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣí i. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́?"

Èèyàn mẹ́ta péré ni. Àkọ́kọ́ ni Daud fúnra rẹ̀, ẹni tó fi ọdún mẹ́tàlélógún ṣe panápaná kí ó tó dé ìdí òṣèlú. Èkejì ni Ìbíyínká, tí wọ́n bí sí Olympia Fields nítòsí Chicago, tó ń darí ìpolongo náà. Ẹ̀kẹta ni Ọmọ́wálé Ọládòṣù, ọ̀rẹ́ Daud láti ìgbà iṣẹ́ panápaná, òun ló ń wa mọ́tò rẹ̀ káàkiri báyìí.

"Àǹtí, èmi ni mo lock up ní seven lánàá," Ìbíyínká sọ. "Landlord ṣẹ̀ṣẹ̀ kun door yàrá ẹ̀yìn tán ni. Ó ní kí n má touch ẹ till eight." Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹni tó ń bá wa díje, ọlọ́pàá lòun náà tẹ́lẹ̀ o. Thirty years. Ṣé ẹ ò ní gbè é báyìí?"

Muminat rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò bá ọ̀gá náà pàdé rí, àti pé kò sí kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì yìí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó lọ wo ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn náà. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi kùn ún, ó sì ti gbẹ, àmọ́ ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án nígbà tó ṣì tutù. Àmì ìka mẹ́rin àti àtàǹpàkò wà lára rẹ̀, ó ga tó àyà èèyàn. Muminat tan iná fóònù rẹ̀ sí i. Kò rí ilà àtẹ́lẹwọ́ kankan. Ohun tó rí ni híhunjọ awọ oríkèé ìka àti ipa èékánná. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni ẹni náà fi kan ilẹ̀kùn, àtàǹpàkò sì kọjú sí apá òsì. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì wò níwájú ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ya fọ́tò àmì náà, kò sì sọ ohun tó rí fún ẹnikẹ́ni.

Daud dé ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni, irun rẹ̀ ti funfun, àìsùn sì hàn lójú rẹ̀. Bí ó ti ń lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó dúró, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀kùn, kí ó tó tì í.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe yẹn?" Muminat bi í.

Daud wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ ti bà mí jẹ́ ni. Bí iná bá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn ọwọ́ ló tètè máa ń mọ̀. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ wa pàápàá, mo máa ń ṣe é sí i. Ó ti sú ìyàwó mi."

Ó ní mọ́ṣáláṣí lòun wà lánàá láti aago mẹ́fà títí di mẹ́sàn-án. Muminat kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá gbójú sókè wo pósítà ńlá tó wà lára ògiri. Daud ló wà nínú àwòrán náà, ó wọ aṣọ panápaná, ó dúró lórí àkàbà, ó gbá ọmọbìnrin kékeré kan mọ́ àyà, iná sì ń jó ní fèrèsé lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ àwòrán náà pé òun ló kọ́kọ́ wọlé. Nígbà tí Muminat béèrè ìtàn rẹ̀, Daud ní ó ti tó ọdún mọ́kànlá. Lẹ́yìn náà ló rántí pé òun kò tíì kí ìrun Àílà.

Ọmọ́wálé ló dé kẹ́yìn, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ tó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò jákẹ́ẹ̀tì. Ó ní ilé òun ní Hyde Park lòun wà láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ àná, òun ń wo bọ́ọ̀lù. Muminat ní kí ó jẹ́ kí òun rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó yọ ọ́, ó sì nà án sí i.

"Ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni," ó ní. "Ọ̀tún yìí kò mọ gbígbóná, kò mọ tútù mọ́. Iná ló jó o."

"Iná wo ni, ẹ̀gbọ́n?"

Ojú Ọmọ́wálé lọ sára pósítà, ó sì tètè yẹra. "Ó ti pẹ́," ó dáhùn.

Muminat lọ jókòó sínú mọ́tò rẹ̀, ó ń wá ìròyìn àtijọ́ lórí fóònù. Ó ju wákàtí méjì lọ kí ó tó rí ohun tó ń wá. Nígbà tó padà wọlé, aago mẹ́ta ti kọjá. Ó pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ síwájú ilẹ̀kùn náà.

"Láàárín aago méje sí mẹ́jọ alẹ́ àná ni olè náà wọlé síbí, nígbà tí ọ̀dà ṣì tutù," ó ní. "Ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi kan ilẹ̀kùn. Ìbíyínká kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ti kìlọ̀ fún un, kò sì ṣiṣẹ́ panápaná rí. Ẹ̀gbọ́n Daud, mo kọ́kọ́ fura sí yín. Àmọ́ ọ̀tún lẹ̀ ń lò. Bí mo bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀kùn, apá ọ̀tún ni àtàǹpàkò mi ń kọjú sí. Ti ibí yìí kọjú sí òsì. Panápaná tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò mọ gbígbóná mọ́ ló ń fi òsì wádìí iná." Ó yíjú. "Ẹ̀gbọ́n Ọmọ́wálé, mo rí ìròyìn kan. Panápaná kan ṣoṣo ló fara pa nínú ilé tó wà lára pósítà yẹn. Orúkọ yín ló wà níbẹ̀."

Ọmọ́wálé kò jiyàn. Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jáde, awọ rẹ̀ ń dán, ó sì ká kò.

"Inú mọ́tò mi ló wà," ó ní. "Mo gbé e dé etí adágún láàárọ̀ yìí láti jù ú sómi. Mo ṣí i, mo rí ìbuwọ́lùwé ìyá àgbàlagbà tó fún èmi àti Daud ní tíì lọ́jọ́ òtútù kan tí à ń gba ìbuwọ́lùwé kiri. Mi ò lè jù ú." Ó kọjú sí Daud. "Èmi ni mo wọlé. Èmi ni mo gbé ọmọ yẹn dé ojú fèrèsé. Mi ò bínú sí fọ́tò, oníròyìn ló yà á. Àmọ́ o wá kọ ọ́ sórí pósítà, o sì ní kí n máa gbé e kiri nínú mọ́tò."

Daud jókòó. Ó gbójú sókè wo pósítà náà.

"Ẹ̀ẹ̀mejì lo bá mi sọ ọ́," ó ní. "Mo ní kí a dìbò tán ná. Wálé, mi ò kọjá orí àkàbà lọ́jọ́ yẹn. Ojú fèrèsé lo ti na ọmọ náà sí mi. Mo ti gba ìyìn rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, ojú sì ń tì mí láti dá a padà."

"So poster wa, irọ́ ni?" Ìbíyínká béèrè.

"Irọ́ ni. Yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Kí o sì kọ òótọ́ rẹ̀ sórí péèjì wa báyìí, kí a tó dé ọ́fíìsì ètò ìdìbò."

Ìbíyínká ní àwọn èèyàn lè torí rẹ̀ padà lẹ́yìn àwọn. Daud ní kí wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó dìbò ló dáa. Ó sọ fún Muminat pé òun kò ní ẹjọ́ kankan láti bá ẹnikẹ́ni ṣe. Muminat pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní òun yóò kọ ọ́ pé wọ́n ti rí fáìlì náà, àti pé aago mẹ́rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù.

Daud ju kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ìwọ lò ń wà á. Èmi ò lè sáré bíi tìẹ."

Muminat tẹ̀ lé wọn dé àárín ìlú. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí àwọn méjèèjì sáré dé ẹnu ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ètò ìdìbò, fáìlì pupa wà ní abíyá Ọmọ́wálé. Lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ilẹ̀kùn, Daud fi ọ̀tún, Ọmọ́wálé fi òsì. Wọ́n wo ara wọn.

Daud sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìwọ lo kọ́kọ́ wọlé nígbà yẹn," ó ní. "Máa lọ níwájú."