Ọmọ Tí Wọ́n Ní Kó Máa Bọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mi ò bù mọ́ ọn, mi ò sì yọ nínú ẹ̀. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé. Kò kàn fẹ́ kí wọ́n bi òun léèrè mọ́ ni.

Olóòtú ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí òun ló ń tún ìwé ọmọdé ṣe kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Lọ́dún yẹn, ìtàn àtẹnudẹ́nu láti ilẹ̀ káàkiri àgbáyé ni wọ́n kó jọ sínú ìwé kan. Ọ̀kan nínú wọn kò jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀. Ọmọbìnrin kan lọ pọnmi ní kànga. Ohùn kan pè é láti ìsàlẹ̀. Ó dáhùn. Wọn ò rí i mọ́. Ìtàn parí síbẹ̀.

"Èyí ti le jù fọ́mọdé," ni Olóòtú wí. Ó fagi lé ìparí náà, ó kọ tiẹ̀ sí i: ọmọ náà padà wálé, ìyá rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún un.

Ìwé jáde.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, oòrùn ń mú ganrínganrín, Olóòtú ń ká aṣọ lọ́wọ́. Wọ́n kanlẹ̀kùn. Ó ṣí i. Ọmọbìnrin kan ló dúró síbẹ̀, ó tutù rinrin láti orí dé ẹsẹ̀. Omi ń kán lára rẹ̀ tó, tó, tó, sórí ilẹ̀ gbígbẹ.

"Ta lò ń wá?"

"Ẹ̀yin ni, Màámi. Ẹ ní kí n máa bọ̀."

Kí Olóòtú tó mọ ohun tí yóò ṣe, ọmọ tirẹ̀ gba abẹ́ apá rẹ̀ yọjú. Aláròyé ni ìnagijẹ ọmọ ọ̀hún, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó fa àlejò náà lọ́wọ́.

"Wọlé, jàre. Mo ti ń retí ẹ."

Olóòtú sáré wọ yàrá. Ó tẹ bàbá arúgbó tó pa ìtàn náà fún wọn láago, lókè òkun lọ́hùn-ún. Ó jẹ́wọ́ ìparí tó kọ. Bàbá bi í pé:

"Ọmọ mi, ṣé o rò pé àwa ò fẹ́ kó padà wálé ni?"

Ó pa fóònù.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ Olóòtú dé, ó jókòó sídìí oúnjẹ. Ó wo Aláròyé. "Ẹ̀gbọ́n ẹ dà?"

"Ẹ̀gbọ́n wo?" ni Olóòtú bi í.

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà! Ọmọ tí ìwọ fúnra ẹ bí?"

Láti ọjọ́ náà, ìdí Olóòtú kò gbélẹ̀ mọ́. Á nu omi nílẹ̀, omi á tún padà. Òun nìkan ló ń rí omi náà. Èyí tó burú jù ni pé Aláròyé ò sọ̀rọ̀ bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Á kọ etí sílẹ̀, á tẹjú mọ́ ojú kan.

"Kí lò ń gbọ́?"

"Wọ́n ń pè mí."

"Ṣó o ti dáhùn?"

"Rárá. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó kù díẹ̀."

Olóòtú gbé ìtàn náà sórí tábìlì, ó mú kálàmù. Ó fagi lé ìparí tirẹ̀, láti dá ti àtijọ́ padà. Ó kọ "Ọmọ náà". Apá tútù méjì rọra yí i lọ́rùn láti ẹ̀yìn.

"Màámi, èwo nínú àwa méjèèjì lẹ̀ ń kọ?"

Olóòtú pariwo pe Aláròyé.

Aláròyé ò dáhùn. Omi nìkan ló ń kán nínú yàrá rẹ̀, tó, tó, tó.