Òwú Ara Ọ̀pá Lowell

Ọ̀pá púùlù, èyí tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì, ni Garland Tuttle wá rà. Marlys ló rí. Ọmọbìnrin náà dúró nídìí tábìlì nínú gbọ̀ngàn púùlù mi ní ìlú Decatur, ó ń yí ọ̀pá bàbá rẹ̀ lórí aṣọ tábìlì láti fi hàn pé kò wọ́. Irun pupa rẹ̀ ń bọ́ sójú, ó sì ń fẹnu fẹ́ ẹ kúrò.

"Ṣé ó tọ́?" ni Garland bèèrè.

"Ó tọ́ ju ẹni tó fẹ́ rà á lọ. Ṣebí ọ̀sán lo ní o máa dé?"

"Má bínú. Yìnyín kún ojú ọ̀nà."

Ẹ wá wo nǹkan! Ọkùnrin tó ń ra ọ̀pá àkànṣe, tó ń tà wọ́n lórí ayélujára, gbàgbé láti wo ọjà tó wá rà. Ojú Marlys ló tẹjú mọ́.

Lowell Hagedorn, bàbá Marlys, ló ni ọ̀pá náà. Funfun ni òwú tí wọ́n wé mọ́ ibi ìdìmú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é, àmọ́ òógùn ọwọ́ Lowell ti sọ ọ́ di dúdú. Kò sí ọjọ́ Jímọ̀ tí kì í wá síbí, tòun ti Marlys kékeré lórí àga gíga. Ayé ìgbà yẹn dùn, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Nígbà tí Lowell kú, ìyàwó rẹ̀ ò lè fara da rírí ọ̀pá náà mọ́.

"Tà á, Marlys," ló wí. "Bí mo bá ti rí i ní kọ̀rọ̀ yẹn, ńṣe ni mo máa ń retí kó wọlé."

Bí àwòrán ọ̀pá ṣe dé orí ayélujára nìyẹn, tí Garland sì rà á. Ṣùgbọ́n gbogbo Sátidé ló tún ń padà wá.

"Ọ̀pá wo lo tún wá rà?"

"Ẹni tó ta ti àkọ́kọ́ ni mo wá wò."

"Òun kì í ṣe títà o."

Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára. Garland wá pinnu pé òun á dá ọ̀pá náà padà fún Marlys, pẹ̀lú òrùka. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé ó gbé e fún oníṣẹ́ ọwọ́ kan kó sọ ọ́ di tuntun. Wọ́n ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, wọ́n gé òwú Lowell dànù, wọ́n wé òwú funfun báláú mọ́ ọn. Ẹni tó máa ń kìlọ̀ fáwọn oníbàárà pé kí wọ́n má tún ọ̀pá àtijọ́ kùn! Ìfẹ́ ti dí i lójú.

Nílé ìdáná ìyá Marlys ni Garland ti ṣí àpò ọ̀pá náà. Marlys fọwọ́ pa òwú náà, ojú rẹ̀ yí padà.

"Garland, níbo lo gbé ọwọ́ bàbá mi sí?"

"Mo fẹ́ kó dára ni, ìfẹ́ mi."

"Ó ti dára tẹ́lẹ̀!"

Òrùka ò jáde lápò. Garland fi ọ̀pá náà sílẹ̀, ó lọ; Marlys dúró sójú kan, ó ń sunkún. Gbogbo ìgbà òtútù yẹn, Marlys kò gbé ìpè Garland.

Ìyá Marlys ló là á lójú. "Èmi ni mo kọ́kọ́ lé ọ̀pá Lowell jáde nílé. Bá èmi náà jà. Àbí o rò pé bàbá rẹ bá òwú dúdú lára rẹ̀ ni? Funfun ló gbà á."

Ọ̀sán Sátidé kan, Garland jókòó síbí, ó dà bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Marlys wọlé, ó na ọ̀pá sí i.

"Dì í mú."

"Ṣọ́ọ̀kì búlúù tí a fi ń pa ẹnu ọ̀pá wà lọ́wọ́ mi. Màá bà á jẹ́."

"Bà á jẹ́. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni bàbá mi fi sọ tiẹ̀ di dúdú. Bí ọwọ́ èmi nìkan bá máa sọ èyí di dúdú, á pẹ́ jù."

Garland gbọ́ ọ yé. Ó yọ òrùka jáde. "Marlys, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ọ. Ṣùgbọ́n tún kun nǹkan kan láì bi mí, kó o rí i!"

Mo yíjú sí ògiri. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí ẹkún mi. Garland gbá bọ́ọ̀lù, ó tàsé pátápátá. Marlys rẹ́rìn-ín, ó gba ọ̀pá náà. Àmì ìka Garland ti wà lára òwú funfun náà. Marlys kò nù ún.