Ènì Ọjọ́bọ̀

Ó gbé àgbọn kan sí etí ọ̀tún, ó di ojú, ó sì ń mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ìyá rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọmọlabí ti sún mọ́ mọ́tò akẹ́rù kékeré náà tán kó tó rí i pé kò sí fóònù kankan lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Àgbọn ló ń tẹ́tí sí. Ó gbé e sí apá òsì, ó gbé òmíràn sétí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé ìyẹn sí apá ọ̀tún.

Ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ ni, ní Ibafo, láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, tí àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó ń sáré wá ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó ráyè wo ọkùnrin tó ń gbọ́ tẹnu àgbọn. Ọmọlabí náà ò ráyè, ká sòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá alágbọn. Kí ló ń sọ fún yín?"

Ọkùnrin náà la ojú. "Ó ní kí n má ta òun fún ẹni tó bá ń kánjú."

Ọmọlabí fi ọwọ́ bo ẹnu kó má baà rí ẹ̀rín òun. Ó nawọ́ sí àwọn àgbọn kan tí àwọ̀ wọn dà bí ọsàn tó pọ́n. "Àwọn tó rẹwà yìí ni mo fẹ́. Ogún."

"Kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe, àǹtí?"

"Ṣé ẹ máa fi ìyẹn kún owó ni?"

"Ẹ ṣáà sọ fún mi."

"Baba dúdú ni mò ń ṣe tà."

Mùsáfírù, orúkọ alágbọn náà nìyẹn, kó àwọn àgbọn tó rẹwà náà jọ, ó sì fi tapólì bò wọ́n. "Mi ò ní tà wọ́n fún yín."

"Kí ló dé? Owó mi ò dáa ni?"

"Owó yín dáa. Àgbọn kúkúrú ni wọ̀nyí, irú tí èèyàn lè dúró nílẹ̀ ká. Omi wọn dùn gan-an, ṣùgbọ́n funfun inú wọn tín-ínrín, kò lóróró. Tí ẹ bá rin ín tí ẹ fún un, omi lásán lẹ máa máa sè títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àgbọn gíga niṣẹ́ yín ń fẹ́, èyí tó lo bí ọdún kan lórí igi." Ó gbé àgbọn gíga ràgàjì kan sí etí Ọmọlabí, ó mì í, omi sì ń dún nínú rẹ̀. "Ẹ gbọ́? Omi rẹ̀ ti ń dín kù. Èyí tó ṣì tútù kì í dún, nítorí ó kún dẹ́nu."

Ó kó ogún sínú àpò, ó wá fi ọ̀kan lé e.

"Ogún ni mo rà," ni Ọmọlabí wí.

"Ènì nìyẹn."

"Èmi kì í gba ènì lọ́wọ́ ọkùnrin tí mi ò mọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká mọra nígbà náà. Mùsáfírù ni mí, láti Ifọ. Ó ku tiyín."

Ọmọlabí ò fẹ́ sọ orúkọ rẹ̀. Ó sọ ọ́. Ó sì gbé ènì náà lọ sílé.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni Ọmọlabí. Òun àti ìyá rẹ̀ ló ń gbé ní Lotto, ní Mowe, láti ìgbà tí owó ilé ní Mushin ti kọjá agbára wọn. Ó ti ṣiṣẹ́ báńkì rí, wọ́n dá a dúró, ó sì kọjú sí ìkòkò. Baba dúdú rẹ̀ ń tà dáadáa. Ohun tó ń dùn ún kò sí nínú ìkòkò. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin kan, àfi bí ìyá ọkùnrin náà ṣe dìde níwájú mọ̀lẹ́bí tó ní, "Ọmọbìnrin yìí ti pẹ́ jù. Ìgbà wo ló fẹ́ bímọ?" Ọ̀rọ̀ náà sì tú ká síbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo ni Ọmọlabí ń fẹ́: kí ẹnì kan rí òun bí òun ṣe rí, kó sì yan òun, láì fi ọdún òun wọn òun, láì ṣe òun láàánú. Bí kò bá sì sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó ti gbà láti máa ro baba dúdú rẹ̀ lọ ní àlàáfíà.

Ó padà sí Ibafo ní Ọjọ́bọ̀ kejì. Ó padà ní ìkẹta. Nígbà tó di ìkẹrin, Mùsáfírù ní kó má wulẹ̀ ṣe wàhálà mọ́, òun á máa fi àpò rán Táíyé oníkẹ̀kẹ́ sí i ní Lotto. Ènì kì í sì í wọ́n lórí àpò náà. Ṣùgbọ́n ti ọ̀sẹ̀ yìí kì í jọ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, dandan sì ni kí Ọmọlabí tọ́ ọ wò kí Mùsáfírù tó pè é lórí fóònù nírọ̀lẹ́.

"Ẹ ti là á?"

"Mo ti là á. Ẹ ti rẹ́ mi jẹ. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, omi ṣá."

"Báwo lomi náà ṣe rí lẹ́nu?"

"Ó kan díẹ̀. Ó ń ta mí láhọ́n."

"Oṣù márùn-ún nìyẹn. Ọmọdé ni. Ẹ dúró de ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ jẹ́ oṣù méje. Omi rẹ̀ dùn débi pé Ọmọlabí mu ún tán lórí ìdúró, inú rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì, ó fi ṣíbí ha á jẹ. Èyí tó tẹ̀lé e ti le díẹ̀, èèyàn lè jẹ ẹ́ láìfi eyín jà. Ní oṣù karùn-ún tí wọ́n ti mọra, méjì ló fi ránṣẹ́, àgbọn kúkúrú kan àti àgbọn gíga kan, ọjọ́ orí kan náà.

"Èwo nìwọ fẹ́ràn?" ni Mùsáfírù béèrè. Nígbà yẹn, "ẹ" ti kúrò láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó lọ.

"Ti kúkúrú tètè dùn, ó sì tán síbẹ̀. Ti gíga ní iyọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn, ó pẹ́ lẹ́nu mi."

"Háà! Ta ló kọ́ ahọ́n rẹ?"

"Ọkùnrin aláìníṣẹ́ kan tó máa ń bá àgbọn sọ̀rọ̀."

Mùsáfírù rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ló sọ fún un pé ìyàwó òun ti kú láti ọdún mẹ́fà, pé kò bímọ, àti pé òun ò rò pé òun tún lè máa dúró de ìrọ̀lẹ́ bí òun ṣe ń dúró dè é báyìí. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: Ọmọlabí ti fẹ́ràn ọkùnrin náà débi pé odindi ìkòkò baba dúdú kan jóná mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, kò sì bínú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó kó ìgboyà jọ. "Mùsá, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mí. Tó o bá fẹ́ sá, tètè sá."

Mùsáfírù ní, "Èsì mi ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀."

Ọjọ́bọ̀ dé. Táíyé gbé àpò sílẹ̀. Ìyá Ọmọlabí ló kọ́kọ́ rí ènì tó wà lórí rẹ̀. Àgbọn kan ni, ó ti gbẹ, èèpo rẹ̀ ti dúdú, ewé tútù méjì sì ti yọ lórí rẹ̀.

"Ọmọlabí! Wá wo ohun tí alágbọn rẹ fi ránṣẹ́. Ó ti hù!"

Ọmọlabí dúró, ó ń wo ewé méjì náà.

"Àgbọn tó ti kọjá àsìkò rẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ọmọ mi, kí ni ọkùnrin yìí ń sọ fún ẹ? Ṣé o sọ ọjọ́ orí rẹ fún un ni?"

Ọmọlabí mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ gbé àgbọn náà, ó lọ jù ú sí ààtàn. Táíyé ò tíì yí kẹ̀kẹ́ padà tí Ọmọlabí fi ní kó gbé gbogbo àpò náà padà fún ẹni tó rán an.

Fóònù dún lálẹ́ ọjọ́ náà, kò gbé e. Ó dún fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ra àgbọn lọ́wọ́ ẹlòmíràn, baba dúdú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí ìpara, kò dì. Ó ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé kò sí nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ ń gbọ́ bó ṣe ń sunkún nílé ìdáná.

Lọ́jọ́bọ̀ kẹta, Mùsáfírù fúnra rẹ̀ dé Lotto. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo wá béèrè ẹ̀ṣẹ̀ mi ni."

"Dìde," ni ìyá wí. "Ṣé èébú tó o bú ọmọ mi lọ́jọ́sí ò tó ọ ni?"

"Èmi, mà? Bú Ọmọlabí?"

Ọmọlabí jáde láti ilé ìdáná. Ó ti búra pé òun ò ní sunkún lójú rẹ̀, omijé ò sì gbọ́ ìbúra. "Mo sọ ọjọ́ orí mi fún ọ, àgbọn tó ti bàjẹ́ lo fi dá mi lóhùn. Mo mọ̀ pé ohun tó bá ṣẹ́kù lórí àtẹ ni wọ́n fi ń ṣe ènì. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé ìwọ lo máa sọ ọ́ sí mi lójú."

Ẹnu Mùsáfírù là sílẹ̀. "Ẹ là á?"

"Ààtàn ni mo jù ú sí," ni ìyá dáhùn.

Mùsáfírù jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó káwọ́ lérí. "Yéè! Oṣù mẹ́rin ni mo fi tọ́jú àgbọn yẹn." Ó gbójú sókè wo Ọmọlabí. "Èmi kì í fi èyí tó ṣẹ́kù ṣe ènì fún ọ. Ènì rẹ ni mo kọ́kọ́ máa ń yàn láàárọ̀, kí n tó yan ti ẹnikẹ́ni. Àgbọn tó bá hù ò tíì bàjẹ́. Nǹkan funfun rọ̀bọ̀tọ̀ kan á dàgbà láàárín rẹ̀, á fa omi rẹ̀ mu, á fúyẹ́ bí búrẹ́dì. Láti kékeré àgbọn títí dé àgbà rẹ̀, kò sígbà tó dùn tó ìgbà yẹn. Nílé wa, a kì í tà á. Ẹni tó bá wà lọ́kàn wa la máa ń là á fún. Èsì mi nìyẹn, Ọmọlabí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ lẹ́nu."

Ìyá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹnu ọlọ́jà ni. Kí lo ò ní sọ?"

"Ẹ wá sí Ifọ lọ́jọ́ Sátidé, mà. Ẹ fi ẹnu ara yín tọ́ ọ wò. Tí kò bá rí bí mo ṣe wí, mi ò ní pe ọmọ yín mọ́ láé."

"Màá wá. Ìròyìn ò tó àfojúbà."

Ìyá wọ bàtà tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì gbójú sókè láti Mowe títí dé Ifọ bí ẹni tó ń lọ wo ilẹ̀ tó fẹ́ rà. Ọmọlabí jókòó tì í. Oko náà wà lẹ́yìn ojú irin, àgbọn kúkúrú níwájú, àgbọn gíga lẹ́yìn. Mùsáfírù tẹ́ ẹní fún wọn. Ó mú àgbọn kan tó ti hù, ó bó o, ó fi àdá là á sí méjì. Kò sí omi nínú rẹ̀. Nǹkan funfun rọ̀bọ̀tọ̀ náà ló wà níbẹ̀ bó ṣe wí, ó kún inú àgbọn láti etí dé etí.

Ìyá ló kọ́kọ́ mú, àgbà ni. Ó jẹ ẹ́. Ó tún bù sí i.

"Màámi?" ni Ọmọlabí pè é.

"Dúró ná, mo ṣì ń tọ́ ọ wò." Ó tún bù sí i. Lẹ́yìn náà ló nu ọwọ́, ojú rẹ̀ sì ti rọ̀. "Mùsáfírù, mo ṣẹ̀ ọ́. Ìrora ọmọ mi ni kò jẹ́ kí n ríran."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Ṣùgbọ́n ìwọ ń kírun, ọmọ mi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì."

"Òótọ́ ni, mà. Mi ò ní ní kó má lọ. Èmi ni màá máa fi ọkọ̀ gbé e lọ lọ́jọ́ Àìkú, màá sì dúró dè é níta."

"Hmm. Màá ṣì fi sádùúrà."

"Àmín, mà," ni Mùsáfírù dáhùn kíákíá, ìyá ò sì lè pa ẹ̀rín rẹ̀ mọ́ra.

Ọmọlabí fi tirẹ̀ sẹ́nu. Ó rọ̀, ó dùn, kò sì dà bí èyíkéyìí nínú gbogbo àwọn tó ti tọ́ wò. Ó wo ọkùnrin tó fi oṣù mẹ́rin ṣọ́ àgbọn kan nítorí rẹ̀, láti ìgbà tóun ò tíì ju ẹni tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ń ṣe òun láàánú níbí. Ara rẹ̀ balẹ̀ bí kò ṣe balẹ̀ láti ọdún méjì.

Mùsáfírù mú un lọ sí ìpẹ̀kun oko. Ó ti gbẹ́ ihò kan síbẹ̀, àgbọn tó ti hù méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá.

"Àyè kan ló kù nínú oko yìí," ó ní. "Èyí ni kúkúrú. Ọdún mẹ́ta, ó ti so. Èyí ni gíga. Ọdún méje, nígbà míì ó máa ń tó mẹ́jọ. Látàná ni mo ti ń rò ó. Ìwọ bá mi yàn."

Ọmọlabí ṣírò ọdún méje mọ́ tirẹ̀. Gbogbo ayé ló ti ń sọ fún un pé kó yára: àwọn àǹtí, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá ọkùnrin ọjọ́sí. Ọkùnrin yìí dúró tì í, kò ní kó yára, ó ń dúró dè é.

Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀rá ìdí àgbọn gíga náà.

"Ọdún méje ni o, Ọmọlabí."

"Mo gbọ́."

"Ta ló máa wá ká a?"

"Ìwọ lo máa gùn ún. Èmi á dúró nílẹ̀, màá máa pariwo pé kó o ṣọ́ra." Ó gbé e sínú ihò náà. "Dì í mú dáadáa, ọkọ mi, kí n da iyẹ̀pẹ̀ sí i."

Mùsáfírù kúnlẹ̀ sódì kejì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.