Amọ̀ Tó Bọ́ Sínú Iyanrìn

Ọ̀rẹ́ mi, má tíì ju ìwé yìí nù. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún ara mọ́tò ṣe ní Ajah ni mo fẹ́ bá ọ sọ, ọ̀rọ̀ náà sì kàn ọ́ ju bí o ṣe rò lọ.

Olúwadábírà ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀nà Addo ni ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́ wà, Àǹtí Fèyíkẹ́ ló sì ni ín. Iṣẹ́ wọn kọjá omi àti ọṣẹ. Bí wọ́n bá fọ mọ́tò tán tó ń dán, wọn yóò ki ọwọ́ bọ inú náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́, wọn yóò fi pa á lára. Ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ mọ́ ọ̀dà, tí ojú kò rí, ọwọ́ yóò mọ̀ ọ́n. Amọ̀ kan tó rọ̀ ni wọ́n fi ń fà á kúrò. Wọn yóò fín omi ọṣẹ sí ara mọ́tò, wọn yóò máa fi amọ̀ náà pa á lọ pa á bọ̀ títí yóò fi jọ̀lọ̀.

Òfin kan wà tí Àǹtí Fèyíkẹ́ kì í fi ṣeré: amọ̀ tó bá bọ́ sílẹ̀, ẹ jù ú nù. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má nù ún. Iyanrìn tó bá ti wọ inú rẹ̀ kò ní jáde mọ́, ọ̀dà mọ́tò olówó ló sì máa ha.

Olúwadábírà mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé òun mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin náà gbéraga, àfi bíi pé òun ló dá mọ́tò sáyé. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹlòmíràn ló bà á jẹ́. Rẹ̀míláyọ̀, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun tó ń rán awọ ìjókòó mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kì í yé bá a sọ̀rọ̀ Jésù.

"Ẹni tí ò dẹ́ṣẹ̀ rárá ló jẹ ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹ, Dábírà. Ṣé ìyẹn ò tó ẹ ronú?"

"Bọ̀dá Rẹ̀mí, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ta ló máa gba ẹ̀bi ohun tí ò ṣe? Ní Èkó yìí?" Á wá bú sẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Ọ̀gbẹ́ni Ọdúnjọ gbé jíìpù dúdú rẹ̀ wá láti Thomas Estate. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni yóò gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì fún ìgbéyàwó. "Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí nìyẹn o," ó wí. "Tí mo bá rí ìlà kan lára mọ́tò yìí, ọlọ́pàá ló máa bá mi bi yín."

Olúwadábírà àti Ìsìmáílà, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Nígbà tó tó àkókò ìrun àsárì, Ìsìmáílà lọ sí mọ́sáláṣí. Kò pẹ́ tó lọ ni amọ̀ yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Olúwadábírà, ó sì já sínú iyanrìn.

Òun nìkan ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò; Àǹtí Fèyíkẹ́ wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Kí ó lọ bá Àǹtí Fèyíkẹ́, kí ó ní amọ̀ bọ́ lọ́wọ́ òun, òun Olúwadábírà? Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó gbé e, ó nù ún mọ́ orúnkún ṣòkòtò rẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ó gbọ́ ọ kí ó tó rí i. Nǹkan ń ha lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó nu omi ọṣẹ kúrò lára ilẹ̀kùn, ìlà wínníwínní ti gba ibẹ̀ kan.

Ìgbà náà ni Ìsìmáílà dé, omi àlùwàlá kò tíì gbẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Gbà," Olúwadábírà wí, ó ti amọ̀ náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Parí ilẹ̀kùn yẹn. Mo fẹ́ lọ mumi."

Ọ̀rẹ́ mi, ìwà ìkà ni. Mi ò ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Ìsìmáílà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà ni Ọ̀gbẹ́ni Ọdúnjọ wọlé. Igbe ló fi bọnu. Ó di Ìsìmáílà mú níbàdí ṣòkòtò, ó sì ń pe ọlọ́pàá lórí fóònù. Àǹtí Fèyíkẹ́ sáré jáde, ó já amọ̀ náà gbà, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó rí iyanrìn nínú rẹ̀.

"Ìsìmáílà! Ó bọ́ sílẹ̀, o tún gbé e?"

Ìsìmáílà wo amọ̀. Ó gbójú sókè, ó rí Olúwadábírà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, ó sì rí iyanrìn lórúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Olúwadábírà mọ̀ pé àṣírí òun ti tú.

Ṣùgbọ́n Ìsìmáílà kúnlẹ̀. "Ọwọ́ mi lẹ ti bá a, sà. Èmi ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ àwọn yòókù lẹ́nu."

Ọlọ́pàá dé. Wọ́n fa Ìsìmáílà dìde, wọ́n ń mú un lọ sí ẹnu géètì. Bí Olúwadábírà bá lè pa ẹnu mọ́ díẹ̀ sí i, ó bọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ ń dún létí rẹ̀: ta ló máa gba ẹ̀bi ohun tí ò ṣe? Ẹni náà rèé, wọ́n ń wọ́ ọ lọ.

"Ẹ fi í sílẹ̀!" ó kígbe. "Èmi ni! Èmi ni mo gbé e nílẹ̀! Jésù, ṣàánú mi!" Ó sì dojú bolẹ̀ nínú iyanrìn.

Ọ̀gbẹ́ni Ọdúnjọ gbá a létí. Rẹ̀míláyọ̀ bá wọn bẹ̀ ẹ́ títí ó fi ní kí ọlọ́pàá máa lọ. Olúwadábírà àti Ìsìmáílà jọ fi ìpara dídán ra ilẹ̀kùn náà títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ìlà náà lọ, àfi ọ̀kan lábẹ́ ibi tí wọ́n ń dì mú láti ṣí i, òun ló sì bá ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Kí ló dé tí o fi gbà á rù?" Olúwadábírà bi í.

"Ẹ̀yin lẹ gbé ìyàwó mi lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tó fẹ́ bímọ," Ìsìmáílà wí.

Àǹtí Fèyíkẹ́ ní kí Olúwadábírà kó ẹrù rẹ̀. Ó jókòó sí ìsọ̀ Rẹ̀míláyọ̀, amọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sunkún. "Bọ̀dá Rẹ̀mí, bí èyí ṣe rí ni mo rí. Mo ti bọ́ sílẹ̀. Jíjù ló kù."

"Òfin Àǹtí nìyẹn," Rẹ̀míláyọ̀ dá a lóhùn. "Ọlọ́run kì í ju ẹni tó bọ́ sílẹ̀ nù tó bá ké pè é. Iyanrìn tí ọwọ́ ènìyàn ò lè yọ, ẹ̀jẹ̀ Jésù ń yọ ọ́."

Ibẹ̀ ló ti gbàdúrà, ibẹ̀ ló ti fi ayé rẹ̀ fún Krístì. Eleko ló ti ń tún mọ́tò àwọn tó wá sí etíkun ṣe báyìí. Bí amọ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń jù ú nù, á sì sọ fún ẹni tó ni mọ́tò ìdí tí wọn kò fi ju òun nù.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? O mọ́ lójú ènìyàn, aṣọ rẹ ń dán. Bí Ọlọ́run bá fi ọwọ́ pa ọkàn rẹ, kí ni yóò bá níbẹ̀? Ta ni o ti ti ẹ̀bi rẹ bọ̀ lọ́wọ́?

Ẹnìkan tí kò ṣẹ̀ ti gba ẹ̀bi rẹ, wọ́n sì mú un lọ, wọ́n pa á. Ó jí dìde, ó ń wò ọ́. Má fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì mọ́. Jáde lónìí, níbi tí o wà yìí, kí o sọ fún un pé: "Olúwa, èmi ni."